Ọ̀fun Ń Pè, Àpò Ń Kọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó ń bọ́ ẹ̀dá, tí kò sì bèèrè owó oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí oúnjẹ. A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Áfáà, ṣé ẹnu jíjẹ náà tún ń fẹ́ wáàsí?" Ó ń fẹ́ ẹ o. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó lọ bi ìyàwó rẹ̀ léèrè iye tí wọ́n ń ta múdù ẹ̀wà kan, kí ó sì fi ara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn náà títí dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa. Ìyá àwọn ọmọ wa jẹ́ ẹni tí ó mọ owó ṣọ́. Bí ó bá ra ẹja àrọ̀ kan ní ọjà Kpata létí odò, ọjọ́ mẹ́ta ni ẹja náà yóò fi bá wa gbé. Orí rẹ̀ ni ti ọjọ́ kìn-ín-ní, nínú omi ọbẹ̀ aláta. Ara rẹ̀ yóò gun orí ààrò, yóò di ẹja yíyan fún ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ìrù àti egungun ni yóò bọ́ sínú ilá, a óò sì máa wá wọn kiri nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá oṣù Ràmàdáánì lójú ọ̀run. Bí ìparí oṣù bá ti ń sún mọ́lé, ọbẹ̀ a túbọ̀ máa ṣàn. Bí a bá ráhùn, hádíìsì ni yóò fi dá wa lóhùn, pé Ànọ́bì sọ fún Abu Dharr pé bí ó bá ń se ọbẹ̀, kí ó bu omi sí i dáadáa, kí ó sì rántí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ tiwa gan-an ni ó ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin tí ó bá kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní kéwú, kí ó mọ̀ pé ohun ìjà ni òun fi lé e lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ lórí omi tí ó tọ́ fún àlùwàlá, pé omi tí àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ àti adùn rẹ̀ kò bá tíì yí padà, omi mímọ́ ni, a sì lè fi ṣe ìmọ́ra. Oúnjẹ dé. Ọmọ kéwú wa kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tẹjú mọ́ abọ́ ọbẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó wá bi wá pé: "Áfáà, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, òórùn rẹ̀ kò yí padà, adùn rẹ̀ náà kò yí padà. Ṣé mo lè fi ṣe àlùwàlá ìrun Mọ̀gàríbì?"

Ẹ̀rín pa wá débi pé òkèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ há wa lọ́fun. Ìyá àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, omi inú ọbẹ̀ ju ti àná lọ, ó sì ní kí á fi èyí tí ó bá ṣẹ́kù wẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀fẹ̀ nínú ilé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. A óò padà sórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbé Lọ́kọ́ja kò gbọdọ̀ bá ara rẹ̀ wí jù bí ọ̀fun bá ń pè é. Ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé yìí, ibẹ̀ náà ni ìkòkò ọbẹ̀ àwọn Nupe, Hausa, Ebira, Igala, àwọn ará Òkun àti àwa tí a ti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ti pàdé. Ní àárọ̀, màsà àti kúnú. Ní ọ̀sán, iyán tàbí tùwó. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹja tí ń ta sísà lórí iná. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, súyà. Èṣù kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe ní ìlú yìí. Òórùn ẹran yíyan ti ń bá a ṣe é.

Àwa náà mọ ọ̀nà ibi súyà, kí á má parọ́. Ní ọdún 2021, a ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo nílé pé owó ọbẹ̀ ti pọ̀ jù, ọkàn wa wá sọ fún wa pé kí á kọ owó ẹnu tiwa náà sílẹ̀ nínú ìwé ìṣirò ọjà fún oṣù kan péré. Nígbà tí oṣù parí, alẹ́ méjìlélógún ni a ti dúró níwájú iná onísúyà. Owó náà tó ra múdù ẹ̀wà méjìlá nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ kò fi ẹnu kàn án. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù náà, ọmọ kéwú wa kan bá wa níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì dìde dúró. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn dúró ni. A ra tirẹ̀ fún un kí ẹnu rẹ̀ lè dí. Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́ta ni ó wá kí wa.

Ẹ̀sìn kò ní kí á má jẹ ohun tí ó dùn o. Nínú Súúrà Al-A'raf, áyà 31, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á jẹ, kí á mu, kí á má sì kọjá ààlà. Nínú áyà tí ó tẹ̀lé e, Ó bi àwọn tí ń sọ ohun dáadáa di èèwọ̀ léèrè pé ta ni ó ṣe é ní èèwọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìlàjì ni a máa ń kà. Wọ̀bìà yóò dúró síbi jíjẹ àti mímu, yóò sì pa Àlùkùráánì dé. Ahun yóò fo ibẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ kíkà tirẹ̀ láti ibi pé kí á má kọjá ààlà.

Ẹ wo tábìlì Ànọ́bì wa fúnra rẹ̀, bí a bá lè pè é ní tábìlì, nítorí ilẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí jẹun. Ó fẹ́ràn ẹran apá àgùntàn. Ó fẹ́ràn ohun dídùn àti oyin. Anas ọmọ Malik rí i tí ó ń fi ọwọ́ wá igbá tí a fi se ọbẹ̀ káàkiri inú abọ́, láti ọjọ́ náà ni Anas fúnra rẹ̀ ti fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ilé kan náà, Aisha sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Urwah, pé àwọn a máa rí oṣù mẹ́ta láàárín oṣù méjì láìdá iná ọbẹ̀, tí ó jẹ́ pé dàbínù àti omi ni àwọn ń jẹ tí àwọn ń mu, àyàfi bí àwọn aládùúgbò bá fi wàrà ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kan ó bèèrè ohun tí òun yóò fi jẹ búrẹ́dì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan bí kò ṣe fínígà, omi kíkan yẹn. Ó ní kí wọ́n gbé e wá, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń yìn ín. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni nínú wa tí wọn yóò gbé omi kíkan síwájú rẹ̀ tí kò ní fi ìbínú ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Hádíìsì Miqdam náà wà, tí gbogbo wa mọ̀, pé bí ó bá di dandan kí ènìyàn kún inú rẹ̀, kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ẹ lọ síbi wòlímọ̀ tiwa. Oúnjẹ ti gba ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi ń wá ojú ihò tí yóò gbà, èémí dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjì wọ̀nyí, wọ̀bìà àti ahun, pẹ́ láyé. Ní ìlú Mẹ̀dínà, ní ọ̀rúndún kejì Híjírà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ash'ab, tí wọ́n ń pè ní olójúkòkòrò. Àwọn ọmọdé yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ kan, ó sì parọ́ fún wọn pé wọ́n ń ṣe ìnáwó ní ilé lágbájá, kí wọ́n lè máa lọ. Àwọn ọmọ sáré lọ. Nígbà tí Ash'ab rí bí wọ́n ti ń sáré, òun náà ká ẹ̀wù sókè, ó tẹ̀ lé wọn, ó ní bóyá òótọ́ ni. A ti rí irú rẹ̀ níhìn-ín lọ́jọ́ Sátidé.

Ní ti ahun, Al-Jahiz ará Basra, tí ó kú ní ọdún 255 Híjírà, kọ odidi ìwé kan lé wọn lórí. Nínú ìtàn rẹ̀ ni àwọn ará Khurasan kan wà tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan. Wọ́n fara da òkùnkùn títí ó fi sú wọn, wọ́n wá dá owó òróró fìtílà jọ. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀, kò dá. Kí ni wọ́n ṣe fún un? Bí wọ́n bá tan fìtílà, wọn a fi aṣọ di ojú rẹ̀, kí ó má baà jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò dá owó sí. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn tí wọ́n pa fìtílà ni wọ́n tó ń tú u. Ó tún sọ nípa àwọn àkùkọ ìlú Marw, pé níbi gbogbo ni àkùkọ ti ń ju ọkà sílẹ̀ fún abo, ṣùgbọ́n ti ìlú náà ń já a gbà lẹ́nu abo ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi àwọn ará Khurasan rẹ́rìn-ín jù. A mọ bàbá kan níhìn-ín tí ó máa ń ka ẹran inú ìkòkò kí ó tó lọ sí ìrun Súbúhì, tí ó sì tún ń kà á nígbà tí ó bá dé. Irú ìrun wo ni ó kí láàárín ìkà méjèèjì, Ọlọ́hun ni ó yé.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń fi ìṣọ́wóná bojú, tí ó sì jẹ́ ahun ni ẹ ń ṣe, ẹ gbọ́ èyí. Hind, ìyàwó Abu Sufyan, gbé ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ànọ́bì pé ọwọ́ rẹ̀ há, kì í fún òun ní ohun tí ó tó òun àti àwọn ọmọ. Ànọ́bì fún un láyè kí ó mú nínú owó ọkọ rẹ̀ ìwọ̀n tí ó tó òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, ní ọ̀nà tí ó yẹ. A bẹ̀ yín, ẹ má ka ìpínrọ̀ yìí sókè nílé bí ẹ kò bá tíì ṣe àtúnṣe.

Ó wá ku ìtàn tí a ṣèlérí.

Iléyá ọdún 2022 bọ́ sí ọjọ́ 9 oṣù Keje. Ẹnì kan ní òdìkejì ọ̀nà wa ra àgbò kan tí ìwo rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ kéwú ń lọ wò ó, wọ́n sì ń padà wá ròyìn fún wa. Àwa tí a ti ń kọ́ àwọn ènìyàn fún ogún ọdún ní ọ̀rọ̀ Abu Ayyub, pé ní ayé Ànọ́bì àgbò kan ni ọkùnrin máa ń pa fún ara rẹ̀ àti gbogbo ilé rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n sì ń fún ènìyàn jẹ, títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe fáàrí, àwa yìí náà ni a bọ́ sí ọjà ẹran tí a ra àgbò méjì. Owó ọjà ni a fi rà wọ́n. Ìyá àwọn ọmọ bi wá pé, "Áfáà, èwo ni ti Ọlọ́hun nínú méjèèjì?" A bínú sí i. A jẹ ẹran náà, ó dùn, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Àwọn àlejò gbàdúrà fún wa.

Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹsàn-án, odò ti ń gòkè. Ó yẹ kí á mọ̀, nítorí a wà ní Lọ́kọ́ja nígbà àgbàrá ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa rò pé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ti lọ pátápátá. Ní oṣù Kẹwàá, omi ti bo Adankolo àti ọ̀nà Ganaja, ọ̀nà Àbújá dí, àwọn ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ epo tò bí ìlẹ̀kẹ̀, débi pé epo bẹńtiróòlù wọ́n ní Àbújá lọ́hùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù wa tí ó wà nítòsí odò kò yọ sílẹ̀. Àpò ẹ̀wà mẹ́rin lọ. Àpò ẹ̀lùbọ́ mẹ́ta, odò ti bá wa rò wọ́n ní àmàlà láìdáná. Omi wọ inú ilé pẹ̀lú. A ní láti wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù, a ní láti gba yàrá sí orí òkè, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì ti tó san. A fi ọwọ́ wá àpò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àgbò tí a ti jẹ, a kò rí i tà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àwọn ọmọ fa kóló onígi kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ó ní kí á bá òun fọ́ ọ. A kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá fi ẹja kan se ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, owó ẹja méjì tí kò rà ni ó ń jù sínú rẹ̀. A kà á lórí ẹní pẹ̀lú iná fóònù. Owó náà gba yàrá kan fún oṣù mẹ́ta, ó san owó ọkọ̀, ó san ìdajì owó ilé ìwé, ó sì ku tí a fi ra gàrí. Nígbà tí a kà á tán, a kò lè sọ̀rọ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Áfáà, omi ọbẹ̀ tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó gbé wa kúrò nínú omi odò o." Ẹkún àti ẹ̀rín dé pọ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọjà díẹ̀, nítorí òun ni iṣẹ́ wa láàárín ọ̀sán. Múdù tí a fi ń wọn ọkà ní ìlú yìí, orúkọ Lárúbáwá ni. Múdù Ànọ́bì jẹ́ ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì ènìyàn tí kò tóbi tí kò kéré; mẹ́rin rẹ̀ ni sáà kan tí a ń yọ fún sàká ìtúnu ààwẹ̀. Ti ọjà wa tóbi jù ú lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ti fi òòlù ti ìdí rẹ̀ wọ inú. Odidi Súúrà kan ni Ọlọ́hun fi bá àwa ọlọ́jà wí lórí èyí.

Ẹ ra ẹ̀wà nígbà tí tuntun bá dé láti òkè Ọya, ní ìparí ọdún, ẹ má dúró di ìgbà òjò. Bí agbára kò bá ká odidi àpò, kí ilé mẹ́ta dá a rà. Ẹ sá a kí ó gbẹ, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó gbẹ, kí ó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé; kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ kò lè pọ̀ sí i. Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò lé oúnjẹ. Torí èyí àti ewu rẹ̀ ni àjọ NAFDAC fi fòfin de títa ìgò kékeré oògùn náà lójú ọjà ní ọdún 2019. Ànọ́bì Yusuf kò lo oògùn; ó ní kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àyàfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ, ohun tí a sì fi la ọdún méje ìyàn kọjá nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ wa tí ń fi àgbàdo sílẹ̀ nínú èèpo rẹ̀ lókè ààrò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹja náà ní ìgbà tirẹ̀: nígbà tí omi bá ń fà ni kí ẹ rà á, kí ẹ sì yan án gbẹ.

Gbogbo wa mọ ohun tí ojú rí láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn tí ń ṣírò fún ìjọba fúnra wọn ní owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó ju ogójì nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàárín ọdún kan. Ní àkókò náà, a ń fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tu ara wa nínú nílé, pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ìyá àwọn ọmọ ní àwọn àgbà kò tíì ra gúgúrú ní Lọ́kọ́ja.

Àdéhùn tí a ṣe nílé wa nìyí, ẹni tí ó bá wù kí ó lò ó. Láti Sátidé dé Alàmísì, òun ni ó ni ìkòkò, a kò gbọdọ̀ ráhùn. Jímọ̀ ni ti ọ̀fun: àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ kà. Súyà di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ilé ni a sì ń gbé e wá. Láti Iléyá ọdún 2023, a ń dára pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́fà láti pa màlúù kan, nítorí ènìyàn méje lè pín in gẹ́gẹ́ bí hádíìsì Jabir. Ìṣòro kan ṣoṣo tí ó kù ni pé orí màlúù kò ṣeé pín sí méje, ọdọọdún ni a sì ń ṣe ìpàdé lé e lórí.

Ọmọ kéwú tí ó fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò ti dàgbà, ó ti ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ó yà kí wa ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, oúnjẹ sì bá a. Ó wo abọ́ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Áfáà, èyí kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá mọ́."

Ní oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a óò sọ̀rọ̀ lórí sàká owó ọjà. Kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè mú un wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wàsàláámù.